Àlòkù Ni Mo Ní Kí O Fi Ránṣẹ́

                                        Ìsọ̀ Mùkáílà Onípáàtì,
                                        Gurley Street,
                                        Monrovia,
                                        Liberia.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Mùmíní,

Àṣà ni mo tẹ̀ lé tí mo fi kọ "ọ̀wọ́n" yẹn o, má jẹ́ kó dùn mọ́ ọ nínú. Báwo ni nǹkan? Kamilah ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti rọlẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá wa ní Ìwó ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Bá mi kí wọn, kí o sọ fún wọn pé n kò gbàgbé wọn nínú àdúrà. Gbogbo àwọn tí mo dárúkọ wọ̀nyí, n kò bá wọn jà. Ìwọ nìkan ni mo ń bá jà, ìjà náà sì le.

O ó máa ṣe kàyéfì pé ní ayé fóònù yìí, mo jókòó mo ń fi bírò kọ lẹ́tà. Ìdí rẹ̀ ni pé Yusrah ọmọ mi ló ń bá mi tún fóònù mi ṣe, gbogbo ohun tí mo bá tẹ̀ ránṣẹ́ ló ń rí, ó sì ti kìlọ̀ fún mi gidigidi pé n kò gbọdọ̀ sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fún ọ. Bí mo bá sì pè ọ́, o ó rẹ́rìn-ín bò mí mọ́lẹ̀ bí o ti máa ń ṣe, n ó sì gbàgbé ohun tó ń bí mi nínú. Nínú lẹ́tà, kò sí bí o ṣe fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Tolú ni yóò mú un wá fún ọ, òun àti páálí kan. Jọ̀ọ́, ka lẹ́tà yìí tán kí o tó tú páálí náà. Mo mọ̀ pé títú páálí olóhun kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Ohun tí mo bẹ̀ ọ́ kò ju ẹyọ kan lọ. Mo ní ẹnì kan ń ti Scotland bọ̀ wá sí Èkó, yóò gbé nǹkan kan fún ọ, kí o gbà á, kí o gbé e fún Tolú tó ń ná ọjà Èkó àti Monrovia lóṣooṣù. Gbà, gbé fún un. Ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà á ṣe é láìṣì í ṣe. Ìwọ àgbà ni kò ṣe é.

O mọ̀ pé àtọ̀gbẹ ti ń bá Yusrah fà á láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Mo ti sọ fún ọ lọ́pọ̀ ìgbà pé kì í ṣe irú èyí tó ń ṣe ìyá Kamilah, tí wọ́n ń fi oògùn oníhóró tọ́jú. Irú tí ọmọ mi ní yìí, ara rẹ̀ kò lè ṣe ínsúlínì rárá. Bí kò bá ti ìta wọ inú ara rẹ̀, á kú. Bó bá sì pọ̀ jù, ṣúgà rẹ̀ á já wálẹ̀, á dákú. Èyí tó wá burú jù ni pé ara rẹ̀ kì í kìlọ̀ fún un mọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á gbọ̀n, wọ́n á làágùn, wọ́n á mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn wá nǹkan dídùn sẹ́nu. Ti Yusrah, á máa rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni, ẹ ó kàn rí i pé ó ti ṣubú.

Lọ́dún 2022, inú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ṣubú sí ní Duport Road. Àwọn tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ní, "De girl drunk. Put her down, yah." Wọ́n gbé ọmọ mi sílẹ̀ sínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn elédùú, wọ́n bá tiwọn lọ. Obìnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá, tó mọ ìyá rẹ̀, ló dá a mọ̀, tó sáré wá oyin fi pa á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ nínú. Títí di òní, bí mo bá ti rí kẹ̀kẹ́ tó dúró lójijì ní Duport Road, n ó sáré yọjú wo ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn ni Yusrah bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn kan tí irú àìsàn yìí ń ṣe sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Káàkiri ayé ni wọ́n wà. Ó ti sú wọn láti máa dúró de àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ, ni àwọn aláìsàn fúnra wọn àti àwọn òbí ọmọ tó ń ṣàìsàn bá jókòó, wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe ohun tí wọ́n ń fẹ́. Nǹkan róbótó kan á lẹ̀ mọ́ apá, á máa ka ṣúgà ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, á máa rán an sí fóònù. Ètò tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí kọ á ṣírò rẹ̀ nínú fóònù, á sì sọ fún pọ́ǹpù tó wà ní ìbàdí ọmọ pé: fi ínsúlínì kún un, dín in kù, dá a dúró. Gbọ́ èyí tó gbẹ̀yìn yẹn dáadáa, Mùmíní. Abẹ́rẹ́ tí a bá ti gún, kò sí ẹni tó lè fà á jáde mọ́. Pọ́ǹpù yìí lè dúró kí ọmọ tó ṣubú.

Wọn kì í tà á, wọn kì í sì í bá ènìyàn ṣe é. Wọ́n á fi ìlànà hàn ọ́, ìwọ náà á jókòó tì í títí yóò fi jẹ́. Oṣù mẹ́ta ni Yusrah fi jókòó ti kọ̀ǹpútà tó yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. N kò ní parọ́ fún ọ, mo bú u. Mo ní ṣé eré ọmọdé ni yóò gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Lọ́jọ́ kan mo gbé àpótí kékeré tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti inú fóònù lọ sínú pọ́ǹpù, kò ju páálí ìṣáná lọ, mo fẹ́ sọ ọ́ sí gọ́tà. Famatta ìyàwó mi ló gbá ọwọ́ mi mú. Ó ní, "My man, dah your pride talking. Leave de girl ting." Láti ọjọ́ tí Yusrah ti gbé e wọ̀, oṣù mẹ́rìndínlógún rèé, kò ṣubú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà mo mọ irú ìwà òmùgọ̀ tí o hù, èmi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ hù ú rí. Ṣùgbọ́n èmi rí ẹni gbá mi lọ́wọ́ mú.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù tuntun kì í gbọ́rọ̀ sí fóònù Yusrah lẹ́nu, àwọn tó ṣe wọ́n ti tì wọ́n pa. Àwọn àtijọ́ kan ló ń gbọ́. Ṣé ìwọ náà mọ̀ ọ́n nínú ọkọ̀? Gbé ọkọ̀ tuntun oníkọ̀ǹpútà fún mekáníìkì abẹ́ igi, á káwọ́ lérí. Gbé ti àtijọ́ fún un, á fi sípánà kan tún un ṣe títí ẹ ó fi dé Kano. Èyí tí Yusrah ń lò ti darúgbó. Ìdérí bátìrì rẹ̀ ti fọ́. Èmi tí mò ń ta páàtì ni mo yọ sípíríńgì kékeré lára kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kan, mo fi há a, mo fi téèpù dì wọ́n mọ́ ara wọn. Lọ́jọ́ Jímọ́ tó kọjá, pọ́ǹpù náà kú fún ogójì ìṣẹ́jú nínú kíláàsì kó tó jí padà. Láti ìgbà Ìléyá ni a ti ń wá òmíràn kiri, kí Ọlọ́run tó bá wa rí obìnrin kan ní Scotland, tí àìsàn náà ń ṣe, tó ní tòun tí òun ti lò fún ọdún mẹ́sàn-án wà nílẹ̀, kí Yusrah máa lò ó.

Mo kọ̀wé sí ọ, mo ní: "Má tú u, gbé e fún Tolú." O tú u. Ohun tí o wá kọ padà sí mi, mo ti há a sórí: "Mùkáílà, mo wo ìdọ̀tí tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọmọ wa, ojú tì mí. Èmi ni mo mú orúkọ Yusrah wá nígbà tí a ń sọ ọ́ lórúkọ, ṣé èmi náà ni n ó wá fi ohun tí òyìnbó ti lò gbó ta á lọ́rẹ? Mo ti fi àlòkù náà gba tuntun fún un lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta irinṣẹ́ ọsibítù. Má dúpẹ́."

N kò dúpẹ́.

Ìwọ Mùmíní! Ìwọ tí a jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá Àlàbá ní Ládípọ̀, tí a jọ ń fi kẹrosín-ìn fọ ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ títí èékánná wa fi dúdú! Àlòkù ló bọ́ wa, àlòkù ló kọ́lé fún ọ. Gíá-bọ́ọ̀sì tó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lára ọkọ̀ àwọn ará Belgium ni o tà kí o tó lè gbé ìdána Kamilah. Torí pé o ti ń ta tuntun báyìí, tí wọ́n ń pè ọ́ ní Alhaji, ó wá di ìdọ̀tí lójú rẹ. Ohun a bá ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èpo igi. Ìwọ ti gbàgbé igi tí o ṣẹ́.

Ṣé o rántí gíá-bọ́ọ̀sì tí o fi ọ̀dà sílífà kùn? O ní kó lè wu oníbàárà lójú. Ọ̀dà bo nọ́ńbà ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún dí ihò tó fi ń mí, ohun tó dára tẹ́lẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í da epo. Bàbá Àlàbá fọ́ ọ létí lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Ojú kọ́ la fi ń ra páàtì, etí ni. Ẹni tó bá ń kun àlòkù lọ́dà, bí kò bá jẹ́ olè, òmùgọ̀ ni." Wọ́n wò ọ́ títí, wọ́n ní àwọn mọ̀ pé o kì í ṣe olè. Ọgbọ̀n ọdún ti kọjá, ọ̀dà yẹn náà lo tún gbé dé.

Jẹ́ kí n ròyìn ọjọ́ tí ẹ̀bùn rẹ dé fún ọ, torí irọ́ ni gbogbo èyí tí a ti sọ fún ọ. Freeport ni mo wà, mò ń kó kọ̀ǹténà jáde, nígbà tí Tolú pè mí pé òun ti dé. Mo fi ẹrù sílẹ̀ fún ẹni tó ń bá mi ṣe ìwé rẹ̀, mo gun pẹ́ńpẹ́ń, alùpùpù ibí, mo ń rẹ́rìn-ín lórí rẹ̀ bí ọkọ ìyàwó. A tú páálí. Rìbọ́ọ̀nù, aṣọ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì, tẹ̀sùbáà, dábínù. Láàárín wọn ni pọ́ǹpù rẹ wà, ó ń kọ mànà. Yusrah tàn án, ó gbé fóònù sún mọ́ ọn. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ń pè é, kò jẹ́ ẹ. Kódà ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ínsúlínì wọ ara, irú èyí tí a ní nílé kò wọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ kejì ó rọra dé páálí náà padà, ó ní, "Papa, it not hearing me-o." Nínú gbogbo ẹrù ọlá rẹ yẹn, dábínù nìkan ló wúlò fún wa. A ń fún un jẹ bí ṣúgà rẹ̀ bá fẹ́ já.

Ní ọjọ́ kẹta lo pè wá tí o ní kí a tan fídíò, kí o lè rí ojú wa. Àwọn ọmọ tí a bí sí Monrovia níbí kì í sábà kúnlẹ̀ fún ènìyàn, ṣùgbọ́n Yusrah kúnlẹ̀ níwájú fóònù. Ó ní, "Dádì Alhaji, ẹ ṣeun gan-an, sà. God bless you plenty." Mo ya ẹnu kí n sọ̀rọ̀, ó fojú bá mi wí. Èmi bàbá rẹ̀! Ni mo bá ní, "Alhaji, a dúpẹ́ o." Nígbà tí o gbé fóònù sílẹ̀ tán, mo ní kí ló dé. Ó ní, "Papa, you can't shame de man so. He do it with his whole heart. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé a kì í dá ẹ̀bùn àgbà padà." Òótọ́ ni, èmi ni mo kọ́ ọ. Ìwọ ń tijú láti fúnni ní àlòkù, ọmọ mi ń tijú láti kọ tuntun, láàárín ìtìjú ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ̀mí rẹ̀ wà, ara sì ń ta mí.

O tún wá ní kó ya fọ́tò ara rẹ̀ pẹ̀lú pọ́ǹpù náà, kí o lè fi han àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín ní mọ́ṣáláṣí. Ó yà á. Fọ́tò yẹn tí o ń gbé kiri, jẹ́ kí n túmọ̀ rẹ̀ fún ọ. Èyí tó ń dán lórí aṣọ rẹ̀, òkú ni, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ògbólógbòó onítéèpù wà lábẹ́ aṣọ, òun ló ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ bo àṣírí rẹ, ìwọ ń gba "bárákà" lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá, Mùmíní.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí n kò tíì dárí rẹ̀ jì ọ́. O ní kí Yusrah jáwọ́ nínú ohun tí àwọn aláìsàn fọwọ́ ara wọn kàn, pé iṣẹ́ dókítà ni. Dókítà rẹ̀ ènìyàn dáadáa ni, òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé ọmọ yìí kò gbọdọ̀ wà láìsí ohun tó ń ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ni dókítà ń rí i. Àìsàn yìí kì í lọ sílé. Àwọn tí o pè ní aláìsàn yẹn, nígbà tí ìdérí bátìrì fọ́, mẹ́rin nínú wọn ló dá Yusrah lóhùn kí ilẹ̀ tó ṣú, tí wọ́n ń bi í bóyá ó ti jẹun. Ìwọ tí o mú orúkọ rẹ̀ wá, o kò bi í léèrè ohun tó ń fẹ́ lẹ́ẹ̀kan rí.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe rèé, má sì fi ọgbọ́n tìrẹ kún un. Páálí tó wà lọ́wọ́ Tolú, ẹ̀bùn rẹ ni, rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Mo yọ ọ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Yusrah láàárọ̀ yìí lẹ́yìn tó ti lọ sílé ìwé, kò mọ̀. Gbé e padà fún ọkùnrin onírinṣẹ́ yẹn, kí o gba tiwa. Bó bá ti gbé e fún ẹlòmíràn, bi í léèrè ẹni náà, kí o tọ̀ ọ́ lọ. Bó bá ti sọ ọ́ sí ààtàn, ká agbádá rẹ sókè, Alhaji, kí o wọ ààtàn lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ìwọ lo sì pe ara rẹ ní àgbà.

Kí o má baà tún ṣì í mú: àwọ̀ búlúù tó ti ṣá ni. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti sán. Ìwé pélébé kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, obìnrin Scotland yẹn ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá rí i he, kó jọ̀ọ́ dá a padà, pé ẹ̀rọ náà ló ń mú òun wà láàyè. Ìwọ ka ìwé yẹn, o sì sọ fún mi pé ó jẹ́ kí ẹ̀rọ náà rí jákujàku. Má ya á kúrò. Má fọ̀ ọ́, má nù ún, má ra àpò fún un. Dì í sínú ọ̀rá dúdú bí ẹni di ẹ̀wà, kí o gbé e fún Tolú. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù yìí ló ń padà bọ̀.

Bá mi kí Kamilah, kí o kí àwọn ọmọ, kí o sì dọ̀bálẹ̀ fún ìyá wa lórúkọ mi. Bí o bá rí ẹnikẹ́ni ní Ládípọ̀ tó ṣì mọ̀ mí, kí o kí i. Famatta ní kí n kí ọ. N kò fẹ́ jẹ́ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a rán ni là ń jẹ́, bó bá yé ọ báyìí.

Tìrẹ ṣì ni mí, tìbínú-tìbínú,

Mùkáílà Babárìndé.

Mùmíní, mo ti ń wá ohun tí n ó fi lẹ àpò lẹ́tà yìí nígbà tí Yusrah wọlé ṣáájú àkókò. Ó rí páálí rẹ lórí tábìlì, ó gba ìwé lọ́wọ́ mi. Kíka Yorùbá kò yá a lára, ó ń fi ìka tọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì ń retí kó fà á ya. Nígbà tó kà á tán, ó yọ pọ́ǹpù onítéèpù kúrò ní ìbàdí rẹ̀, ó gbé e síwájú mi. Ojú ẹ̀rọ náà ti ṣókùnkùn. Kíláàsì àkọ́kọ́ ló ti kú sí, gbogbo bí mo ti ṣe tún sípíríńgì rẹ̀ há, kò jí. Ó ti padà sídìí abẹ́rẹ́. Ó ní kí n fún òun ní bírò. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ yìí.

Dádì Alhaji, ẹ ṣeun fún tuntun, sà. Ẹ má bínú sí mi. Àlòkù yẹn ni mo fẹ́. Yusrah.